Ẹ Má Tíì Pa Fáìlì Náà Dé

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu. Orin Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, àwọn tí à ń kọ lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójúmọmọ. Wọ́n ti ṣe style mẹ́ta fúnra wọn, ìyẹn orúkọ tí a fún irú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí yóò ṣe rí: « Lílé », « Ègbè » àti « Àlàyé ». Ọmọ wọn ní Kútọnu ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi page web. Wọ́n fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n pa á dé. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, ọ̀rọ̀ pé, àmì ohùn pé, ṣùgbọ́n « Ègbè » ti kúrò láàrin àwọn style.

« Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́? » Rárá o, Bàbá.

Fáìlì .odt (ti LibreOffice, ètò ìkọ̀wé bíi Word) tàbí .docx (ti Word) dà bí àpótí. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan, ẹ fi .zip parí orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí i: ẹ ó bá styles.xml nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la kọ ọ́ sí pé ègbè ń jẹ́ ègbè, pé ara lílé la ti yọ ọ́, àti pé tí a bá tẹ Entrée lẹ́yìn lílé, ègbè ló kàn. HTML, èdè tí a fi ń kọ page web, mọ àkọlé, láti h1 dé h6. Ó mọ ìpínrọ̀. Lójú tirẹ̀, ìpínrọ̀ ni lílé, ìpínrọ̀ náà ni ègbè. CSS, èdè ìrísí page web, tó ti wà láti 1996, lè sọ bí ìpínrọ̀ yóò ṣe rí, àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, àmọ́ kò ní ibi tí a ti ń sọ pé ègbè ló ń tẹ̀lé lílé.

Nínú Word, « Page web » máa ń kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tirẹ̀: mso-style-name, mso-style-parent, mso-style-next. « Page web, filtrée » a gbọ̀n wọ́n dànù kí fáìlì lè fúyẹ́. Filtrée dára fún ẹni tó fẹ́ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìwé rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo style ṣì máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà títí a ó fi pa fáìlì dé. Tí ẹ bá ti fi í pamọ́ bíi page web, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ sí « Enregistrer sous », ẹ tún fi í pamọ́ bíi .odt tàbí .docx kíákíá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lo « Enregistrer une copie » nínú LibreOffice, kí page web jẹ́ ẹ̀dà lásán, kí ìwé yín gangan sì wà ní ṣíṣí níwájú yín.

Orí ba Bàbá ṣe é: a rí ẹ̀dà .odt kan tó ti pẹ́ nínú clé USB wọn. Mo tẹ F11 nínú LibreOffice kí àkójọ style lè ṣí, mo kó àwọn style inú rẹ̀ wá sínú tuntun, a sì jókòó tì í, orin kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn ni wọ́n ń kọrin, èmi ń yan: lílé, ègbè, ègbè, lílé. Ilẹ̀ ṣú kí a tó parí. Wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì fún àwọn orin tó ṣẹ́kù.