Bí apòògùn ṣe di alámòójútó àwọn tó ní HIV ní Nàìjíríà

Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn HIV, pẹ̀lú èrò pé yóò kárí 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé. Aláìsàn ń san 1,000 náírà lóṣù. Dókítà ní ń kọ oògùn. Kíka hóró ni wọ́n mọ̀ mọ́ apòògùn tó wà nídìí fèrèsé.

Oògùn náà fúnra rẹ̀ ló sọ iṣẹ́ yìí di ńlá. Stavudine, lamivudine àti nevirapine ni wọ́n ń lò pọ̀ nígbà náà. Nevirapine kì í ṣe oògùn tí à ń fúnni lódindi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: 200 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ara bá sú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, a kì í fi kún un, dókítà gbọ́dọ̀ tún un wò. Apòògùn tí kò bá béèrè kó tó fún aláìsàn ní ti ọ̀sẹ̀ kẹta lè ṣe é ní jàǹbá.

Nígbà tí 2003 ń parí lọ, oògùn wọ́n. Àwọn mìíràn lo tó oṣù mẹ́ta láì rí i. Ewu ibẹ̀ ni pé nevirapine ń pẹ́ lára ju àwọn méjì yòókù lọ: bí gbogbo rẹ̀ bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, òun nìkan ló ń kù sójú ogun, kòkòrò á sì mọ bó ṣe lè borí rẹ̀. Nítorí náà, ṣíṣírò oògùn tó kù nílé ìpamọ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán, ó di ìtọ́jú.

Ní 2006, oògùn di ọ̀fẹ́ láwọn ilé-ìwòsàn ìjọba, èrò sì pọ̀ sí i. Kíka hóró wá di ọ̀nà ìwádìí. Ẹni tó gba hóró 30, tó ń lo ẹyọ kan lójúmọ́, tó yẹ kó ti lo ti ọjọ́ 28, méjì ló yẹ kó kù sínú ike rẹ̀. Bó bá ku mẹ́sàn-án, ọjọ́ méje ló fò. Bíbá a wí kò wúlò. Ẹ bi í bóyá iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, tàbí ó ń fi oògùn pamọ́ fún ará ilé. Bí kò bá sì ku ẹyọ kan, ó lè jẹ́ pé ó ń fún ẹlòmíì lára rẹ̀.

Ní nǹkan bí 2016, wọ́n dán an wò ní Àbújá kí àwọn tí ara wọn ti dá máa gba oògùn ní kẹ́míìsì àdúgbò, kí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ìtò gígùn. Apòògùn ibẹ̀ ń béèrè nípa ikọ́, ibà, ara tó ń rù àti òógùn òru. Bí ọ̀kan bá wà, ilé-ìwòsàn ló kàn, torí ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Rifampicin tí wọ́n ń fi wo ikọ́ náà ń dín agbára dolutegravir, oògùn HIV mìíràn, kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo 50 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan. Oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnesium tàbí aluminium náà ń dí i lọ́wọ́: ẹ lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ètò yìí ti ń já jù ni àkọsílẹ̀. Bí kẹ́míìsì kò bá dá ìwé padà sílé-ìwòsàn, ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé á di ẹni tó sá lọ nínú ìwé, torí ọjọ́ 28 péré lẹ́yìn ọjọ́ àdéhùn ni wọ́n ń kà á sí ẹni tó já ìtọ́jú.