Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Ká Ìràwọ̀ Mọ́ Ibi Tó Ti Ń Bú Gbàmù

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní ìlú Rosario ní orílẹ̀-èdè Argentina, Víctor Buso fi kámẹ́rà tuntun sí awò ńlá tó fi ń wo ojú ọ̀run láti orí ilé rẹ̀. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣe jẹun. Ìfẹ́ ọkàn ló fi ń wo ìràwọ̀. Ó kọjú awò náà sí NGC 613, ọ̀kan nínú àwọn ìṣùjọ ìràwọ̀ tó jìnnà sí tiwa, ó sì ń ya àwòrán rẹ̀ léraléra kó lè mọ bí kámẹ́rà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Nínú àwọn àwòrán àkọ́kọ́, kò sí ohun tuntun kankan. Nígbà tó ṣe, ní alẹ́ kan náà, tóótó ìmọ́lẹ̀ kan yọ sí apá kan ìṣùjọ náà, ó sì ń mọ́lẹ̀ sí i bí àwòrán ṣe ń tẹ̀ lé àwòrán. Ìràwọ̀ kan ti bú gbàmù níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí ayé lójú ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Supernova, ìyẹn ìràwọ̀ tó bú gbàmù, kò ṣọ̀wọ́n ní àgbáńlá ayé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni kí ojú wà níbẹ̀ ní wákàtí tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣùjọ ìràwọ̀ ńlá kan kì í sábà ní ju ẹyọ kan sí mẹ́ta lọ láàárín 100 ọdún. Nínú ìṣùjọ tiwa, èyí tí wọ́n fojú lásán rí kẹ́yìn ni ti ọdún 1604. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nígbà ayé rẹ̀ kò lè tẹjú mọ́ ibì kan ṣoṣo. Àfi kó máa ṣọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣùjọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì yára nígbà tó bá rí i, torí kò ní dúró dè é.

Ìdí tí wákàtí àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì wà nínú bí ìràwọ̀ náà ṣe ń kú. Ìràwọ̀ tó bá wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń gbé ayé rẹ̀ láàárín ìfà àti ìtì: ìwúwo rẹ̀ ń fà á sínú, ooru tó ń ti inú rẹ̀ wá ń tì í síta. Háídrójìn tó ń para pọ̀ di hílíọ̀mù ló ń pèsè ooru yẹn níbẹ̀rẹ̀. Tí háídrójìn bá tán ní àárín, hílíọ̀mù á bọ́ síbẹ̀, á di kábọ́nì, á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí irin. Irin ni òpin, nítorí irin tó bá para pọ̀ kì í mú ooru wá, ńṣe ló ń gba ooru. Jíjó háídrójìn ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Sílíkọ́nì tó ń di irin ní ìkẹyìn kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Nígbà tí irin bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, kò sí ohun tó tún lè tì í síta mọ́, àárín ìràwọ̀ náà á sì wó. Ohun tó tóbi tó ayé wa á sún kì di bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 20 lọ, láàárín àkókò tí kò pé ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ara ìràwọ̀ náà lóde kò tíì mọ̀ pé àárín òun ti wó. Wíwó yẹn ló ń mú ìgbì ìbúgbàmù wá, ìgbì náà sì ní láti gba inú gbogbo ẹran ara ìràwọ̀ kọjá kó tó yọ síta, ìyẹn sì ń gba wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn ó tó ọjọ́ kan, bí ìràwọ̀ náà bá ṣe tóbi sí. Yíyọ síta yẹn gan-an ni Buso ká mọ́.

Ohun kan wà tí kì í dúró de ìgbì náà. Neutrino ni wọ́n ń pè é: ohun tíntìntín tí kì í sábà kan ohunkóhun lára, tó lè wọ ìhà kan ayé kó sì jáde ní ìhà kejì bí ẹni pé kò sí nǹkan lágbedeméjì. Bí agbára tó tú jáde nígbà tí àárín ìràwọ̀ wó bá jẹ́ 100, neutrino ló ń gbé bíi 99 lọ. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń ya wá lẹ́nu kò tó ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù yẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ dé ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987. Ní aago 7:35 àárọ̀, nípa aago Greenwich, àgbá omi ńlá Kamiokande tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Japan gba neutrino díẹ̀. Ẹ̀rọ IMB ní Amẹ́ríkà náà gbà, ẹ̀rọ Baksan ní Soviet Union ìgbà náà gbà. Àpapọ̀ wọn kò ju bíi 25 lọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi 13, kò sì sí ẹni tó fura lásìkò náà. Inú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti wá rí i lẹ́yìn náà. Ní aago 9:22, Albert Jones ní New Zealand wo apá ojú ọ̀run ọ̀hún, kò rí ohun àjèjì. Ní aago 10:38, Robert McNaught ní Australia ya fọ́tò ibẹ̀, ìràwọ̀ tuntun sì wà nínú rẹ̀. Lálẹ́ tó tẹ̀ lé e, ní ibùdó àwọn awòràwọ̀ tó ń jẹ́ Las Campanas ní Chile, Oscar Duhalde fojú lásán rí i, Ian Shelton náà rí i lórí fọ́tò tó yà, ìròyìn sì tàn kálẹ̀. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ fi bíi ọdún 168,000 rìn kó tó débí. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn yẹn, wákàtí bíi mẹ́ta péré ni neutrino fi ṣíwájú fọ́tò àkọ́kọ́, ìwọ̀nba àkókò tí ìgbì náà fi wà nínú ara ìràwọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn kì í pẹ́. Ohun tó ń jẹ́ kí supernova máa tàn fún oṣù púpọ̀ ni níkẹ́lì tí ìbúgbàmù náà ṣẹ̀dá. Ìdajì níkẹ́lì yìí á di kóbáltì láàárín bíi ọjọ́ 6, ìdajì kóbáltì á di irin láàárín bíi ọjọ́ 77, agbára tí wọ́n ń tú sílẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí. Níkẹ́lì tó ti inú ìràwọ̀ ọdún 1987 jáde tó ìwọ̀n ayé wa lọ́nà tó lé ní 20,000.

Irú supernova kejì kò ní àárín tó wó. Ìràwọ̀ kékeré kan tó ti jó tán, tó tóbi bí ayé àmọ́ tó wúwo bí oòrùn, ń gba nǹkan lára ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ títí kábọ́nì inú rẹ̀ á fi gbiná, tí gbogbo rẹ̀ á sì fọ́ yángá. Ia ni wọ́n ń pe irú èyí. Nítorí pé wọ́n ń tàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà, wọ́n ṣeé fi wọn ọ̀nà jíjìn: èyí tó bá ṣókùnkùn jù ló jìnnà jù. Òun ni ẹgbẹ́ méjì lò ní ọdún 1998 láti fi hàn pé àgbáńlá ayé ń yára fẹ̀ sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí wọn? Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ ìràwọ̀ Fritz Zwicky máa ń ya fọ́tò ojú ọ̀run ní òkè Palomar ní California, wọ́n á sì máa fojú fi ti òní wé ti tẹ́lẹ̀. Awò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, Zwicky Transient Facility, wà lórí òkè yẹn kan náà, ó sì ń ṣe ohun kan náà láti ọdún 2018, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìfiwéra. Kọ̀ǹpútà á gbé àwòrán òní lé orí àwòrán tẹ́lẹ̀, á sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ìràwọ̀ tí kò yí padà á pa rẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ohun tuntun.

Ó dùn ún sọ, ó ṣòro ṣe. Afẹ́fẹ́ ayé kì í rí bákan náà lálaalẹ́: nígbà tó bá parọ́rọ́, ìràwọ̀ á mú ṣáṣá, nígbà tó bá ń gbọ̀n, ìràwọ̀ á fẹ̀ bí epo tó kán sórí bébà. Bí wọ́n bá yọ àwòrán méjì bẹ́ẹ̀ kúrò lára ara wọn, òrùka dúdú àti funfun ni yóò kún ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ba èyí tó mú jẹ́ díẹ̀, kí ó lè rí bí èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn náà, ayédèrú kò lópin: sátẹ́láìtì tó kọjá, òkúta òfuurufú tó ń rìn, ìràwọ̀ tó jẹ́ pé àṣà rẹ̀ ni kó máa tàn kó máa wọ̀. Àwọn ènìyàn ló jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àmì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn, kí kọ̀ǹpútà tó kọ́ ọ.

Èyí tó bá yege á gba orúkọ: ọdún, lẹ́yìn náà lẹ́tà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ti 1987 ń jẹ́ SN 1987A nítorí òun ni àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Èyí tí Koichi Itagaki rí ní Japan ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ń jẹ́ SN 2023ixf. Bí a bá ka lẹ́tà rẹ̀ jáde, òun ni ẹni 6,714, ọdún kò sì tíì dé ìdajì.

Orúkọ kò tíì sọ ohun tó jẹ́. Ó ku kí awò tó tóbi fọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀, bí ẹ̀kán òjò ṣe ń fọ́ ti oòrùn di òṣùmàrè. Àmì háídrójìn nínú àwọ̀ yẹn fi hàn pé ìràwọ̀ ńlá ló kú. Bí kò bá sí háídrójìn, tí àmì sílíkọ́nì sì hàn gbangba, Ia ni. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń há. Awò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ẹyọ kan ni púpọ̀ nínú wọn lè wò lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ jù lọ nínú supernova tí wọ́n rí ló sì ń kú láìsí ẹni tó yẹ òṣùmàrè wọn wò. Ìpàdánù tó ń dunni ni, torí èyí tó bá lọ ti lọ. Vera C. Rubin Observatory ní Chile, tó gbé àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ni wọ́n ṣètò láti máa ké ìkìlọ̀ tó tó mílíọ̀nù 10 lálẹ́ kan. Awò tó ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láé.

Bí ó ṣe yẹ kó rí ni ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí òkú ìràwọ̀ méjì, irú bọ́ọ̀lù kékeré tí àárín ìràwọ̀ tó wó ń dà, kọlu ara wọn. Ẹ̀rọ LIGO àti Virgo, tó ń mọ̀ bí òfuurufú fúnra rẹ̀ bá mì, mọ ìgbì ìkọlù náà lára, sátẹ́láìtì rí ìtànṣán rẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn náà, awò Swope ní Las Campanas sì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 12 tó pé. Ní ọjọ́ kejì, awò SALT ní Sutherland, Gúúsù Áfíríkà, ti ń fọ́ ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ṣókùnkùn, àmọ́ wọ́n ti rí i níbẹ̀ pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ wà lára ibi tí wúrà ti ń wá.

Ní abẹ́ òkè ní Kamioka, àgbá tó rọ́pò Kamiokande gba omi 50,000 tọ́ọ̀nù. Bí ìràwọ̀ kan bá wó nínú ìṣùjọ tiwa lálẹ́ òní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún neutrino ni yóò hàn níbẹ̀ dípò ìwọ̀nba díẹ̀ ti ọdún 1987, ìkìlọ̀ yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn awòràwọ̀ káàkiri ayé, pẹ̀lú ìhà tó yẹ kí wọ́n kọjú awò sí, nígbà tí ìgbì náà ṣì wà nínú ara ìràwọ̀.