Akoto tó ń sọ̀rọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí íńtàkọ́ọ̀mù àwọn ọlọ́kadà

Láti ìgbà tí Ojúde Ọba ti kọjá ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìbéèrè kan náà ti ń dé sí mi létí. Àwọn èèyàn rí àwọn tó gun alùpùpù ńlá wọ ìlú, tí iná búlúù kékeré ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ akoto wọn, tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dá rẹ́rìn-ín, tí kò sì sí fóònù lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí àwòrán ọ̀kan nínú wọn fi dé orí WhatsApp. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìjọba ti pàṣẹ kí gbogbo ọlọ́kadà, láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ra irú ẹ̀rọ tó wà lára akoto yẹn. Mo mọ ọlọ́kadà méjì tó ti ń yá owó nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ti sọ ọ́ di dandan?

Rárá o. Akoto ni òfin ìrìnnà béèrè, lórí ẹni tó ń wa alùpùpù àti lórí ẹni tó gbé sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀rọ yìí.

Kí ni nǹkan náà gan-an?

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kékeré ni, íńtàkọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Àpótí pẹlẹbẹ tí bátìrì àti bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ ni ẹ ń rí níta. Apá òsì akoto ni wọ́n sábà máa ń fi í sí, torí ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fún alùpùpù níná, kò sì yẹ kó kúrò níbẹ̀. Sípíkà pẹlẹbẹ méjì wà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ fẹ̀ ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Máìkì wà níwájú ẹnu. Bluetooth ló so gbogbo rẹ̀ mọ́ fóònù tàbí mọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn, bó ṣe ń so fóònù yín mọ́ sípíkà orin. Cardo àti Sena ló lórúkọ jù nínú àwọn tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn rọjú náà wà lọ́jà.

Ṣé wọn ò lè kàn pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi tiwa ni?

Láàárín ìlú, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Tí alùpùpù bá ti ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ariwo afẹ́fẹ́ nìkan nínú akoto lè ju 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ (òun ni wọ́n fi ń wọn ariwo), bẹ́ẹ̀ 85 ni àwọn onímọ̀ ìlera ń kà sí ibi tí etí lè fara dà dé fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń ké jù, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ariwo yìí ni ohun tó ń sún awakọ̀ ṣe. Èrò á kígbe lẹ́yìn pé òun ń sọ̀ níwájú, awakọ̀ ò ní gbọ́, á wá yí orí padà láti béèrè. Kí ó tó dá ojú padà síwájú, alùpùpù ti sá kọjá ilé bíi mélòó kan. Tí íńtàkọ́ọ̀mù bá lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyíjú-padà yìí, ó ti ṣe iṣẹ́ gidi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sínú akoto?

Mo jókòó ti àbúrò mi nígbà tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlíṣàn. Ó kọ́kọ́ fa tìmùtìmù ẹ̀rẹ̀kẹ́ akoto jáde, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dún pá, pá, bó ṣe ń já. Lábẹ́ rẹ̀, níbi etí, ihò róbótó kan wà tí àwọn tó ṣe akoto ti dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni sípíkà ń jókòó sí. Àlẹ̀mọ́ onírun ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, irú èyí tó máa ń dún ṣàà tí ẹ bá ń ṣí bàtà ọmọdé. Ó gba wáyà sápá kejì láti ẹ̀yìn orí, ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ inú akoto kó má baà máa ha á lọ́rùn, ó fi skúrù méjì de àpótí náà mọ́ etí akoto, ó sì dá tìmùtìmù padà.

Ó dé e, ó fi orin sí i. Orin náà ń dún bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè títí kò fi ní ibi tó ń lọ mọ́, síbẹ̀ pàbó ni. Mo ní kó bọ́ ọ. Àárín ihò ló lẹ sípíkà mọ́, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ kò sí láàárín ihò! Ó yọ sípíkà, ó dé akoto náà lófìfo, ó ti ìka bọ̀ ọ́ láti abẹ́ títí tó fi kan ojú ihò etí rẹ̀, ó sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Sísún tó sún sípíkà náà síwájú kò ju ìbú ìka kan lọ. Ohùn orin bá kún etí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tún dín in kù sí ìlàjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé sípíkà tí ẹ rà kò lágbára, ẹ kọ́kọ́ wá etí yín.

Ní ti máìkì, tí akoto bá bo àgbọ̀n, èyí tó rí bíi bọ́tìnnì ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ níwájú ẹnu. Tí iwájú akoto bá ṣí sílẹ̀, èyí tó ní ọ̀pá ni kí ẹ lò, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ètè.

Ihò etí akoto mi kéré. Ṣé kí wọ́n bá mi gbẹ́ fóòmù náà díẹ̀?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti rí ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe, tó fi ọ̀bẹ ha inú akoto oníbàárà rẹ̀ bí ẹni ń ha igbá. Ẹ̀ha funfun wẹ́wẹ́ bo orí tábìlì. Sípíkà wọlé dáadáa, inú oníbàárà dùn, ó sì gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n gbá dànù níbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ ni ohun tó ń fi akoto gba ẹ̀mí là.

Èèpo líle tó wà níta, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tan ìgbámọ́lẹ̀ ká, kí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó má sì wọlé. Fóòmù funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, òun ló ń wó, tó ń rún mọ́lẹ̀, kó lè gba ìyà tí ì bá jẹ agbárí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè rún bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí akoto tó bá ti bá orí ẹni lulẹ̀ gidi kò fi ṣeé lò mọ́, kódà bí ara rẹ̀ ń dán. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí lórí akoto jọ, wọ́n rí i pé ó ń dín ikú ọlọ́kadà tó ṣubú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ara fóòmù yìí ni ọ̀pọ̀ nínú oore yẹn wà.

Àwọn tó dàgbà nínú yín á rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto, tí àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá àti kóróbá ọ̀dà sórí. Níbi tí ẹ bá ti gbẹ́ fóòmù kúrò nínú akoto yín, igbá yẹn náà lẹ padà dé.

Ẹ má sì fi gúlúù lílágbára kan fóòmù náà, torí ó lè jẹ ẹ́. Epo pẹtiróòlù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣe ló ń yọ́ ọ bí omi ṣe ń yọ́ iyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé akoto lé ojú táǹkì nígbà tí wọ́n bá ń rọ epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́.

Tí sípíkà kò bá gbà, ẹ yọ kànrìnkàn tó bo ojú rẹ̀, bóyá á wọlé. Tí kò bá tún wọlé, ẹ wá sípíkà tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí akoto mìíràn.

Ṣé mo lè wà ní Ìpẹ́rù kí n bá ẹni tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ sọ̀rọ̀?

Àfi tí ẹ bá gba orí fóònù pè é. Kìlómítà kan tí wọ́n kọ sára páálí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibi gbalasa ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, níbi tí ẹni méjì ti ń rí ara wọn. Kọ́nà kan tàbí tírélà kan láàárín yín ti tó láti gé e kúrú. Láàárín awakọ̀ àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀, kò níṣòro.

Ṣé kò ní ba ọpọlọ jẹ́?

Agbára tí Bluetooth fi ń fi ohùn ránṣẹ́ kì í ju 100 mílíwáàtì lọ, ọ̀pọ̀ ni kò sì tó bẹ́ẹ̀. Fóònù tí ẹ ń gbé sétí lójoojúmọ́ lè dé 2,000 nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dáa. Ohun tí mo rí tó burú jù ni ti àwọn tó ń ti fóònù bọ àárín akoto àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Tí wọ́n bá ṣubú, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni fóònù yẹn máa bá.

Òjò ńkọ́?

Ẹ wo ara páálí bóyá wọ́n kọ ọ́ pé omi kò lè wọ̀ ọ́, kí ẹ sì de ìdérí ojú ṣájà pa dáadáa. Ẹ má fi akoto náà sínú oòrùn lọ títí, bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò fẹ́ ooru.

Ṣé kò léwu kéèyàn máa sọ̀rọ̀ lórí ìrìn?

Ó léwu. Ọwọ́ lè wà lórí ọ̀pá kí ọkàn má sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn nínú akoto lè máa wo kòtò kó má rí i. Lílo fóònù lórí ìrìn náà sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń mú èèyàn fún. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni kí ẹ máa fi í sọ: “kòtò wà lápá ọ̀tún”, “mo fẹ́ sọ̀”. Tí ẹnì kan bá pè yín, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ pè é padà nígbà tí ẹ bá dúró. Tí ẹ bá sì ń gbọ́ orin, kó má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi ní gbọ́ fèrè tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Ẹ̀pẹ́ Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́. Ṣé kí n rà á?

Ẹ kọ́kọ́ ra akoto kejì fún èrò. Akoto kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa, orí ọ̀pá ọwọ́ ló sì ń fì sí títí wọ́n á fi rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ de okùn àgbọ̀n rẹ̀ kó le, kí ẹ mi orí yín sọ́tùn-ún sósì, kí akoto náà bá orí lọ, kó má dá yí. Tí owó bá ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé akoto yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa tìmùtìmù rẹ̀ jáde níbẹ̀, kí ẹ sì fi sípíkà náà wọn ihò etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.