Bí Ásíìdì Ṣe Ń Fọ Inú Páìpù Irin

Páìpù irin tó bá gba inú iná iléeṣẹ́ kọjá kì í jáde ní mímọ́. Ooru àti afẹ́fẹ́ á ti fi èépá dúdú bò ó tinú-tòde. Bí èépá yìí kò bá kúrò, síǹkì, ìyẹn irin tí wọ́n fẹ́ fi bo páìpù náà kó má baà dógùn-ún, kò ní mú un dáadáa. Ásíìdì ló ń bó o kúrò.

Àwọn iléeṣẹ́ kan ń lo ásíìdì hydrochloric, tí kò fẹ́ ooru púpọ̀. Àwọn mìíràn ń lo ásíìdì sulphuric, tí wọ́n máa ń mú gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí ó wù kó jẹ́, ojú ibi tí èépá ti sán ni ásíìdì ń gbà wọlé. Á jẹ ẹ́ láti abẹ́, afẹ́fẹ́ háídírójìn tó ń hó jáde níbẹ̀ á sì máa tì í ṣubú.

Inú páìpù gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí páìpù bá sùn gbalaja nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ lè há sínú rẹ̀, ásíìdì kò sì ní kan ibẹ̀ rárá. Ibi tó kàn pàápàá, ásíìdì ibẹ̀ kò lọ kò bọ̀: irin ń yòrò sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ ń tán, nígbà tí èyí tó wà lóde ṣì mú bí abẹ. Ọ̀pọ̀ á wá bu ásíìdì kún un, tàbí kí wọ́n fi páìpù sílẹ̀ pẹ́ sí i. Ìyẹn léwu! Ásíìdì á jẹ òde páìpù ju bó ṣe yẹ lọ, háídírójìn á sì wọnú irin. Irin líle tó bá gbà á sára lè dán lójú, kó wá ṣẹ́ lójijì lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ásíìdì máa rìn ló dára jù. Kí wọ́n gbé ìdì páìpù wọ táǹkì ní ìdagẹ̀rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba orí tó wà lókè jáde. Kó tó parí, kí wọ́n gbé e sókè, kí ti inú rẹ̀ ṣàn padà sí táǹkì, kí wọ́n sì tún un rì. Pọ́ǹpù tó ń ti ásíìdì gba inú páìpù kọjá tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́míkà adènà díẹ̀ náà wà tó ń lẹ̀ mọ́ irin tó ti hàn síta, tí ásíìdì á fi dojú kọ èépá nìkan.

Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, kíá ni kí wọ́n fi omi ṣàn án, tinú-tòde, nítorí ásíìdì tó bá ṣẹ́kù sínú páìpù á mú un dógùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú.