Kí là ń pè ní ìtàn àròsọ ojú ọjọ́?

Ìtàn àròsọ ojú ọjọ́ ni ìtàn tí àyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ òpómúléró rẹ̀. Cli-fi ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo ìtàn tí òjò ti rọ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Nínú irú èyí, bí ẹ bá yọ òjò kúrò, ìtàn tú nìyẹn.

Iṣẹ́ náà le, nítorí ojú ọjọ́ tí à ń sọ yìí, ìyẹn bí òjò àti oòrùn ṣe máa ń rí láti ọdún dé ọdún, kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Nǹkan bí ọdún 30 ni àwọn onímọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe fẹ́ kó ọgbọ̀n ọdún sójú ewé kan?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ó ti gbin èbù iṣu, ó ti fi koríko bo orí ebè, ó ń retí òjò. Òjò kò dé. Ó fọwọ́ wa ebè kan wò. Èbù ti rọ, ara rẹ̀ ti hunjọ, ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá àgbà, ṣé a óò tún un gbìn ni?" Ìyá ní, "Nígbà tí mo tó ẹ, irú àsìkò yìí la máa ń wá igi tí iṣu á fà mọ́." Ọgbọ̀n ọdún ti wọnú gbólóhùn kan.

Akéwì kan tó jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ti ń fi ewì ṣe irú iṣẹ́ yìí látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀, gbé ìwé ewì The Eye of the Earth jáde ní 1986. Nínú rẹ̀, Olósùnta, òkúta ńlá kan ní Ìkẹ́rẹ́, ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ní 2005, omíyalé ìjì Katrina ká òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé ní New Orleans, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó lé wọn dé òkè àjà. City Without People, tó jáde ní 2011, ti ibẹ̀ wá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé lítíréṣọ̀ máa ń bi wá pé ta ló jẹ gbèsè, ta ló ń san án. Èédú, epo àti gáàsì tí wọ́n ń sun nílẹ̀ òkèèrè ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú ayé gbóná. Síbẹ̀, ebè ẹni tí kò ní mọ́tò rí ló ń gbẹ.

Irú ìtàn ojú ọjọ́ tí mò ń wá báyìí ni èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá, tí wọ́n fi ohùn Èkìtì sí, tí ìyá àgbà yẹn á gbọ́ yé bí a bá kà á sí i létí.