Ẹjọ́ àwọn opó méjì pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Tanzania

E.S. àti S.C. ni lẹ́tà tí a fi dá àwọn opó méjì kan mọ̀, àwọn tó pe orílẹ̀-èdè Tanzania lẹ́jọ́ níwájú CEDAW, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, lórí ilé àti ohun ìní tí ọkọ wọn fi sílẹ̀.

Aránṣọ ni àwọn méjèèjì, ọmọ ẹ̀yà Sukuma láti agbègbè Shinyanga. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, àwọn àna lé wọn jáde tọmọtọmọ. Òfin ìbílẹ̀ tí ìjọba kọ sílẹ̀ ní 1963 ló gbè àwọn àna náà lẹ́yìn: opó kò ní ìpín nínú ogún bí olóògbé bá ní ẹbí, ìpín tirẹ̀ ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ bí òun náà ṣe tọ́jú wọn. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ọmọbìnrin ń jogún baba rẹ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àṣà kò fún opó ní ogún ọkọ.

Ní 2006, Ilé-Ẹjọ́ Gíga gbà pé òfin náà ń rẹ́ obìnrin jẹ, síbẹ̀ ó kọ̀ láti fagi lé e, ó ní bí òun bá dá sí ti ẹ̀yà kan, àṣà ẹ̀yà tó lé ní 120 ni yóò tẹ̀lé e wọ kóòtù. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sùn fún ọdún mẹ́rin. Ní 2010, wọ́n dà á nù nítorí àṣìṣe inú ìwé àṣẹ kóòtù ìṣáájú, àṣìṣe tí kì í ṣe ti àwọn opó rárá.

CEDAW kì í gba ẹ̀sùn bí olùpẹ̀jọ́ kò bá tíì lo gbogbo ọ̀nà tí òfin ìlú rẹ̀ là sílẹ̀, àfi bí ọ̀nà náà bá falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bí kò bá jọ pé yóò mú àtúnṣe gidi wá. Orílẹ̀-èdè náà sì gbọ́dọ̀ ti gba àfikún 1999 sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin wọlé, èyí tó fàyè gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Tanzania ti ṣe ní 2006.

Ní oṣù kẹta 2015, ìgbìmọ̀ náà dá àwọn opó láre: kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún wọn, kí ó sì tún òfin ogún náà ṣe. Oṣù mẹ́fà ni àdéhùn fi fún ìjọba láti fèsì. Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá tí yóò dá ẹnikẹ́ni padà sínú ilé, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò lè fi ìpinnu ìgbìmọ̀ náà ti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn ní kóòtù ìlú rẹ̀.