Gègé olórí-méjì

Gègé olórí-méjì ni ohun ìkọ̀wé tó ní ẹnu gègé tó ń mu íńkì ní ìpẹ̀kun kan, tó sì ní pẹ́ńsù tí wọ́n ń yí ní ìpẹ̀kun kejì. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni méjèèjì ń lò. Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Sheaffer, Conklin àti Wahl ṣe wọ́n. Wearever àti Eclipse sì ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó ń fi íńkì buwọ́ lùwé, tó sì ń fi pẹ́ńsù ṣírò owó, ni wọ́n ṣe é fún, kó má baà máa kó nǹkan méjì sápò.

Kí gègé àti pẹ́ńsù tó pàdé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí kálukú wọn gbà wá. Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí gègé tirẹ̀ ní 1884. Ní 1908, Walter Sheaffer, tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ní ìlú Fort Madison ní Iowa, gba ìwé àṣẹ lórí irin kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá. Tí wọ́n bá gbé irin náà sókè, á tẹ àpò rọ́bà inú ọ̀pá. Tí wọ́n bá dá a padà, àpò náà á fa íńkì mu. Ní ti pẹ́ńsù, Charles Keeran ló ṣe Eversharp ní 1913. Ní Japan, Tokuji Hayakawa ṣe tirẹ̀ ní 1915, ara pẹ́ńsù yìí sì ni orúkọ Sharp, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ, ti wá. Bírò ló gba ọjà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́: László Bíró gba ìwé àṣẹ ní 1938, bírò BIC Cristal sì dé ní 1950.

Ní Ìlọrin, ìwé kíkọ ti wà tipẹ́tipẹ́ kí gègé aláàpò tó dé. Àwọn ọmọ ilé kéwú ń fi kálàmù àti tàdáwà kọ̀wé sórí wàláà, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kọ òmíràn. Nígbà tí rélùwéè dé Ọ̀fà àti Ìlọrin ní nǹkan bí 1908, iṣẹ́ akọ̀wé bá a wọlé. Ẹgbẹ́ Ansarul-Islam bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin ní 1942, Offa Grammar School sì bẹ̀rẹ̀ ní 1943. Àpótí ẹni tó ti ṣe akọ̀wé tàbí olùkọ́ nígbà yẹn tọ́ sí yíyẹ̀wò dáadáa nígbà tí àwọn ọmọ bá ń pín ogún, kí wọ́n tó da ohun tó jọ pàǹtírí nù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bu tàdáwà ilé kéwú sínú gègé aláàpò. Èédú àti oje igi tó wà nínú rẹ̀ á gbẹ sẹ́yìn ẹnu gègé, á sì dí i pa.

Ẹni tó ń kó wọn jọ máa ń kọ́kọ́ yẹ ìdérí wò níbi ìmọ́lẹ̀, torí etí rẹ̀ ló máa ń là. Ẹnu gègé tó dára jẹ́ wúrà kárátì 14. Ti owó pọ́ọ́kú jẹ́ irin tí wọ́n fi wúrà kùn, ó sì máa ń dípẹtà. Ọ̀rọ̀ "Warranted" tó máa ń wà lára ẹnu gègé mìíràn kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Kí a má ṣe fipá gbé irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá sókè láti dán an wò: àpò inú rẹ̀ ti lè gan bí òkúta, irin náà á sì ṣẹ́.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn gègé, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọnú ọ̀pá. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni wọ́n fi ń fẹ́ ooru díẹ̀ sí i, kó má ju ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ, wọ́n á sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Iná àbẹ́là léwọ̀ọ̀ pátápátá, torí sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike kan tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀pá láti 1924, máa ń gbiná wàràwàrà. Omi náà kò dára fún ọ̀pá rọ́bà líle, torí dúdú rẹ̀ á pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Tí ọrùn bá ti jáde, wọ́n á ha àjákù àpò àtijọ́ kúrò, wọ́n á wá wọn ibi tí àpò tuntun yóò jókòó sí. Iye ìdá kan nínú 64 ínṣì tí àpò rọ́bà fẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀, nítorí náà àpò nọ́ńbà 16 fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì.

Ibi gígé àpò yìí gan-an ni gègé olórí-méjì ti yàtọ̀ sí gègé lásán. Pẹ́ńsù ti gba ìdajì ọ̀pá, àpò sì gbọ́dọ̀ kúrú kó má baà kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá kàn án, á ká, kò sì ní fa íńkì dáadáa. Kíkúrú àpò yìí ló fà á tí íńkì irú gègé yìí fi máa ń tètè tán. Ṣẹ́láàkì, irú àtè kan, ni wọ́n fi ń lẹ àpò mọ́ ọrùn, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á sì fi pàúdà kùn ún kó tó wọlé. Súpà gúlúù kò yẹ ibẹ̀ rárá, torí ẹni tó bá tún fẹ́ tú u lẹ́yìn ọ̀la kò ní rí i tú láìfọ́ ọ.

Pẹ́ńsù ni ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe máa ń pa tì, bẹ́ẹ̀ ó tó nǹkan. Lẹ́ẹ̀dì ìgbà náà nípọn tó mílímítà 1.18; lẹ́ẹ̀dì 0.5 àti 0.7 tó wà nígboro báyìí á kàn máa jábọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1.1 ló bá a mu. Tí àjákù lẹ́ẹ̀dì bá há sẹ́nu rẹ̀, wáyà tín-ínrín ni wọ́n fi ń tì í jáde. Tí kò bá ṣeé yí, ẹ má fipá yí i. Idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ya.

Ní ìgbà ọyẹ́, íńkì máa ń gbẹ sẹ́nu gègé tí a kò lò, nítorí náà kí a fi omi tútù ṣan ẹnu rẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀. Ní ìgbà òjò, irin tó ń tẹ àpò nínú ọ̀pá ló máa ń dípẹtà. Oòrùn ojú fèrèsé máa ń ṣá rọ́bà líle, afẹ́fẹ́ ara àpò rọ́bà sì máa ń pọ́n sẹ́lúlọ́ìdì aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́. Sẹ́lúlọ́ìdì tó bá ti ń sán wẹ́wẹ́, tó sì ń rùn, gbọ́dọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù kíá, torí èéfín ara rẹ̀ á ba wọn jẹ́.